Ọjọ́ Tí Ẹ̀jẹ̀ Kọ̀ Tí Kò Dì

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo dì pọ̀ di ẹyọ kan nínú ìtàn yìí. Mo fi í sí Ìbàdàn, mo sì fi obìnrin kan sínú rẹ̀ tí mi ò ní dárúkọ: télọ̀ ni, ọmọ ọdún 23, oyún àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀, oyún náà sì ti pé ọ̀sẹ̀ 34. Nọ́ọ̀sì tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí kò ní bi mí pé ọjọ́ wo ni mò ń sọ. Yóò ní òun náà wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

4:40 ìdájí

Orí fífọ́ ló jí i. Lókè ojú ló ti ń fọ́ ọ, ó ń lù ú kìkì. Ó ti lo parasítámọ́ọ̀lù méjì kó tó sùn, orí ò gbọ́. Ó dìde láti lọ tọ̀, ìtọ̀ tó jáde kò tó nǹkan. Sílípáàsì ọkọ rẹ̀ ló wọ̀ lọ, torí láti ọjọ́ Ajé ni tirẹ̀ kò ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ náà ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láàárín bọ́tìnnì àti kẹ̀kẹ́ òwú.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti wá ń dúró de ìkókó, ti rí ẹsẹ̀ náà. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹsẹ̀ tó wú báyìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìbejì lo gbé." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, Màmá kò sì jìnnà sí òótọ́, torí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aboyún ló máa ń wú láìsí wàhálà kankan. Ibẹ̀ gan-an ni àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ń sá pamọ́ sí. Orí fífọ́, ẹsẹ̀ wíwú, àárẹ̀, inú rírun: èwo nínú wọn ni oyún lásán kò lè fà? Ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ kì í dun èèyàn. Àfi kí wọ́n wé ẹ̀rọ BP mọ́ apá, kí wọ́n sì ki bébà àyẹ̀wò bọ inú ìtọ̀, kó tó jẹ́wọ́.

Káàdì rẹ̀ wà lórí fíríìjì. Ní ọ̀sẹ̀ 18, wọ́n kọ 110/70 síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 28, 136/86. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí 140/90 ni ààlà, kò sì tíì dé ààlà. Bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń gòkè ló yẹ kó kọ́kọ́ hàn sí ẹni tó ń kọ ọ́. Ìlà ọ̀sẹ̀ 32 ṣófo. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan sì wà nílẹ̀ tí kò tíì rán tán.

Ohun tó jí i yìí ti wà nínú rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin oyún. Bó ṣe yẹ, ibi ọmọ máa ń rán sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wọnú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lára ilé ọmọ, wọn á dẹ̀ wọ́n, wọn á fẹ̀ wọ́n, títí ẹ̀jẹ̀ á fi máa ṣàn wọlé ní ìrọ̀rùn. Lára tirẹ̀, iṣẹ́ náà kò parí. Àwọn iṣan náà ṣì há. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò tó ibi ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, èròjà tó ń ba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ káàkiri ara, láti kíndìnrín dé ẹ̀dọ̀ dé ọpọlọ. Awọ yẹn ló ń sọ fún iṣan pé kó dẹ̀ tàbí kó sún kì. Òun náà ló ń sọ fún ẹ̀jẹ̀ pé kó máa ṣàn, kó má dì. Tó bá di ọ̀sán, a óò rí ohun tí iṣẹ́ kejì yìí jẹ́.

7:10 àárọ̀

Màmá pe ìyá àbíyè ìjọ wọn lórí fóònù. Ìyẹn ní kí ìyàwó sinmi, kó má fọwọ́ kan ẹ̀rọ lónìí, kí wọ́n mú un wá lọ́la. Mi ò bá ìyá àbíyè jà o. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gba ọ̀dọ̀ wọn lọ torí wọ́n ń fi ọ̀yàyà gbà wọ́n níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í jágbe mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kó jáde láàárọ̀ yìí ni pé, "Ẹ lọ wọn BP rẹ̀ kíá," ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

9:15 àárọ̀

Kò sinmi. Ó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ nígbà tí iná wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ lójú rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ sì di méjì. Ìrora kan mú un lókè ikùn, lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Ó bì. Màmá ní ọgbẹ́ inú ni, ata alẹ́ àná ló fà á. Ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ ti wú débi pé awọ tó bò ó ń fà.

Aboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí orí rẹ̀ kò gbọ́ oògùn, tójú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ún, kò yẹ kó tún mu ògì kó lọ sùn. Ògì ni wọ́n fún un.

10:25 àárọ̀

Ó ṣubú lẹ́bàá ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ yí, eyín rẹ̀ pa dé, apá àti ẹsẹ̀ le gbagidi, lẹ́yìn náà gbogbo ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó wà níbẹ̀. Màmá figbe ta. Ẹnì kan sáré mú ṣíbí wá láti fi la eyín rẹ̀. Ẹlòmíì ń wá epo pupa. Ẹni kẹta ti ń ka àwọn tó ń bá wọn ṣọ̀tá lẹ́sẹẹsẹ.

Ọkùnrin tó ni kẹ́míìsì ìtòsí ló dá wọn dúró. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ṣíbí yẹn kúrò. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀." Ó ṣe é dáadáa. Ṣíbí á ká eyín, á sì dí ọ̀nà ọ̀fun. Epo á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Tó bá fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, itọ́ àti èébì á rí ọ̀nà jáde, ilé ọmọ kò sì ní tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń bọ̀ látinú ẹsẹ̀ lọ sí ọkàn.

Gìrì aboyún ni. Kì í ṣe wárápá, kò sì mọ olówó, kò mọ alágbára. Tori Bowie, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba góòlù eré 100 mítà ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017, oyún bí oṣù mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá òkú rẹ̀ nílé rẹ̀ ní Florida ní 2023. Ọmọ ọdún 32 ni. Àyẹ̀wò òkú ka gìrì yìí mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó pa á. Ẹsẹ̀ obìnrin tó yára jù lọ láyé lọ́jọ́ kan kò sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

11:15 àárọ̀

Táksí Micra kan gbé wọn dé ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́dé. Kò sí dókítà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó wé bẹ́líìtì mọ́ apá rẹ̀: 184/122. Ó tún un wọ̀n, kò yí padà.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yìí ṣe ló fà á tí mo fi yan ọjọ́ yìí dípò àwọn ọjọ́ mìíràn tí mi ò fẹ́ sọ. Ó rọrùn fún un láti kọ ìwé, kó ní agbára àwọn kò ká a, kí wọ́n máa gbé e lọ. Ilé ìtọ́jú tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú magnesium sulphate jáde. Ó fa mìlílítà 8 sínú síríńjì ńlá, ó fi mìlílítà 12 omi abẹ́rẹ́ kún un kó lè ṣàn, ó sì ń tì í wọ iṣan apá díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára aago. Gíráàmù 4 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá fún un ní gíráàmù 5 ní ìdí ọ̀tún àti gíráàmù 5 ní ìdí òsì, èyí tí kò fi omi là, tó fi oògùn apàrora díẹ̀ kún torí pé abẹ́rẹ́ náà ń ta púpọ̀. Gbogbo rẹ̀ di gíráàmù 14. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé: 11:40. Ó fa ìlà sí i nídìí.

Jack Pritchard, dókítà kan ní ilé ìwòsàn Parkland ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ìwọ̀n yìí gbajúmọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn dókítà fi ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní diazepam ló dára, àwọn kan ní phenytoin. Ní 1995, ìwé ìròyìn The Lancet gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín obìnrin 1,687 tí gìrì ti mú. Àwọn tó gba magnesium, gìrì kò padà wá bá wọn tó bó ṣe padà bá àwọn tó gba diazepam: ó dín ní ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ phenytoin, ó dín ní ìdá 67. Nígbà tó di 2002, ìwádìí mìíràn tí obìnrin 10,141 kópa nínú rẹ̀ fi hàn pé tí wọ́n bá fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lóògùn yìí kí gìrì tó dé rárá, ewu gìrì á dín ju ìdajì lọ. Iyọ̀ ni oògùn náà, kì í wọ́n. Kí kọ́bọ́ọ̀dù máà ṣófo, kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

12:50 ọ̀sán

Ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ní kí wọ́n lọ gba káàdì kọ́kọ́. Màmá na ìwé nọ́ọ̀sì náà sí ẹni àkọ́kọ́ tó rí tó wọ aṣọ funfun, ìyẹn sì ka 11:40 àti gíráàmù 14, ó sọ pé kí wọ́n gbé aboyún wọlé, kí ẹnì kan tọ káàdì lọ lẹ́yìn. Ìwé kékeré yẹn gbà wọ́n lọ́wọ́ bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà.

BP rẹ̀ jẹ́ 172/116. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní hydralazine, oògùn tó ń mú BP wálẹ̀, wọ iṣan ní ìwọ̀n kékeré, wọ́n ń wọn BP ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Wọ́n fẹ́ kó kúrò lókè 160/110, torí ibẹ̀ ni iṣan ọpọlọ ti lè bẹ́, ohun tó sì sábà ń pa ìyá nínú àrùn yìí nìyẹn. Wọn ò fẹ́ kó já wálẹ̀ lójijì, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ ti kéré tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà sí i lójú ara láti máa gba ìtọ̀. Ìtọ̀ tó jáde ṣókùnkùn, ó pọ́n, ó sì kéré.

1:35 ọ̀sán

Dókítà kékeré tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún láàbù ṣàkíyèsí pé ojú ibi tí wọ́n gún kò gbẹ. Ó fi òwú tẹ̀ ẹ́, ó gbé òwú kúrò, ẹ̀jẹ̀ tún ń yọ́ jáde. Ó wo ibi tí dírípù wà lápá kejì: abẹ́ pílásítà ti pọ́n. Láàbù á gbà tó wákàtí kan. Kò dúró dè wọ́n.

Ó mú túùbù gíláàsì kan, èyí tí kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀, ó fa mìlílítà 2 ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀. Ó wá pa ọwọ́ dé mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni, inú ìkúùkù rẹ̀ ló dì í mú sí, kí ara rẹ̀ má bàa tutù, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá tutù kò ní sọ òótọ́. Ó wo aago ara ògiri. Ó ń fi ọwọ́ kejì kọ nǹkan sínú fáìlì. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹrin, ó la ọwọ́, ó rọra dẹ túùbù náà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ó pa ọwọ́ dé. Ìṣẹ́jú karùn-ún, ó ṣàn. Ìkẹfà, nǹkan kan ń ki nísàlẹ̀. Ìkeje, ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ó yẹ kó ti dúró nínú túùbù bí ẹ̀kọ inú ewé, kí ohunkóhun má yọ̀ bọ́. Èyí tó dì níbẹ̀ rọ̀, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó sì ṣàn lọ.

"Ẹ pe ọ̀gá," ló wí fún nọ́ọ̀sì. Kò pariwo.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ẹ̀jẹ̀ aboyún ló yẹ kó yára dì ju ti gbogbo èèyàn lọ. Nígbà tí oyún bá gbó, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ilé ọmọ kọjá máa ń tó mìlílítà 500 sí 700 ní ìṣẹ́jú kan. Kí a ní ibi ọmọ já kúrò, kí ohunkóhun má sì dí ojú ibi tó ti já, ẹ̀jẹ̀ gbogbo ara á tán láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ara ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ló ti ń múra sílẹ̀: fibrinogen, èròjà tó ń di okùn tó ń so ẹ̀jẹ̀ pọ̀, máa ń kúrò ní gíráàmù 2 sí 4 nínú lítà kan, á di 4 sí 6. Protein S, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti má jẹ́ kí dídì náà pọ̀ jù, á wálẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ ìbí, ni ara ń múra dè.

Owó tí wọ́n ń san fún ìmúrasílẹ̀ yìí ni pé ẹ̀jẹ̀ lè dì níbi tí kò yẹ, pàápàá nínú iṣan ẹsẹ̀. Ìyẹn á dé bá wa lálẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin wa yàtọ̀. Awọ inú iṣan rẹ̀ tí ibi ọmọ ti bà jẹ́ ti di ojú ọgbẹ́ káàkiri ara. Ẹ̀jẹ̀ ní àwọn ègé sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ kan, tí àwọn dókítà ń pè ní platelet, tó máa ń sáré lọ bo ojú ọgbẹ́. Wọ́n rí ọgbẹ́ níbi gbogbo, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo, nínú ẹ̀dọ̀, nínú kíndìnrín. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó fẹ́ gba àárín wọn kọjá ń fọ́, òun ló sọ ìtọ̀ di dúdú. Fibrinogen náà ń tán lọ. Ìṣòro tó fi ara hàn nínú túùbù yẹn kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì. Ó ti dì tán káàkiri ibi tí ẹnikẹ́ni ò rí, èyí tó kù kò tó ná.

Louis Weinstein, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló fún àpapọ̀ yìí lórúkọ ní 1982: HELLP, lẹ́tà tó dúró fún sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń fọ́, ẹ̀dọ̀ tó ń bàjẹ́ àti platelet tó wálẹ̀.

2:40 ọ̀sán

Èsì láàbù dé. Platelet rẹ̀ jẹ́ 58,000. Ó yẹ kó ju 150,000 lọ. Ọ̀gá dókítà kò ṣàlàyé gígùn fún Màmá àti fún bàbá ìkókó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú àlòkù àṣíborí kíkọ́lé lọ́wọ́. Ibi ọmọ ni oríṣun àìsàn náà. Bí kò bá jáde, kò ní tán. Ọmọ kò tíì gbó tán, ṣùgbọ́n wọn ò lè dúró.

Ọ̀nà ìbí kò tíì ṣí rárá, nítorí náà iṣẹ́ abẹ ni. Dókítà akunnilóorun béèrè nọ́ńbà platelet kó tó béèrè orúkọ aláìsàn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí wọn, èyí tó máa ń jẹ́ kí ìyá gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì, abẹ́rẹ́ náà lè mú ẹ̀jẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn, kó tẹ̀ ẹ́, kí ẹsẹ̀ méjèèjì rọ. Wọ́n á fi oorun kùn ún pátápátá.

Wọ́n wá sọ fún bàbá ìkókó pé kó lọ wá ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ti rìn nínú ọgbà ilé ìwòsàn ńlá ní Nàìjíríà mọ ìrìn yẹn: báńkì ẹ̀jẹ̀ ní àfi kí ẹlòmíì fi tirẹ̀ dípò, POS ní nẹ́tíwọ̀kì ò sí, àbúrò kan ń bọ̀ láti Mọ́níyà, ọ̀rẹ́ kan ti dé ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ibà. Wọn ò fẹ́ la inú obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì láìsí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Wákàtí méjì lọ síbẹ̀. Mi ò rí wákàtí méjì mìíràn lọ́jọ́ náà tó dùn mí tó o.

3:40 ọ̀sán

Wákàtí mẹ́rin ti pé láti 11:40. Abẹ́rẹ́ tó kàn kan ìdí ọ̀tún, gíráàmù 5. Kí ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó gún un, ó fi òòlù rọ́bà kan orúnkún rẹ̀. Ẹsẹ̀ ta. Ó ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, kò fi ìdajì ìṣẹ́jú sọ ọ́ di ìlọ́po: 18. Ó wo àpò ìtọ̀: mìlílítà 95 láti ìgbà tí wọ́n ti fi rọ́bà sí i, ó ju 30 lọ ní wákàtí kan. Gbogbo rẹ̀ pé, ó gún un.

Kíndìnrín ló ń kó magnesium jáde. Tí ìtọ̀ bá dáwọ́ dúró, oògùn á máa kún lára. Orúnkún ló kọ́kọ́ máa ń jẹ́wọ́, kò ní ta mọ́. Tí wọn ò bá yẹ̀ ẹ́ wò, èémí ló kàn. Ìgò calcium gluconate kan wà lórí táńgánran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wà ní dídé títí di òpin.

5:05 ìrọ̀lẹ́

Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Wọ́n gbé e wọ tíátà. Nígbà tó di 5:21, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde, kílò 1.9. Ó ké, igbe náà kò ròkè, ṣùgbọ́n igbe ni. Wọ́n gbé e lọ síbi àwọn ọmọ tí kò gbó.

Ilé ọmọ rọ̀. Nọ́ọ̀sì tíátà kan na ọwọ́ sí ergometrine, abẹ́rẹ́ tí wọ́n mọ̀ dáadáa tó máa ń mú kí ilé ọmọ sún kì kíákíá. Dókítà akunnilóorun ní rárá. Ergometrine máa ń sún iṣan ẹ̀jẹ̀ kì jákèjádò ara, BP obìnrin yìí á sì fò sókè. Oxytocin ni wọ́n lò. Ojú ibi tí wọ́n gé ṣì ń sun ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe láti iṣan kan tí èèyàn lè so, láti ibi gbogbo ni. Páìǹtì kejì wọlé. Wọ́n fún un ní tranexamic acid, gíráàmù kan, wọ iṣan.

Ẹ rántí bí èyí tó dì nínú túùbù ṣe fọ́ sí wẹ́wẹ́. Oògùn yìí kì í mú ẹ̀jẹ̀ dì, kò kàn ní jẹ́ kí èyí tó ti dì tú ni. Ọwọ́ àwọn ará Ìbàdàn wà nínú bí ayé ṣe mọ̀ pé ó wúlò fún abiyamọ. Ìwádìí WOMAN, tí wọ́n gbé jáde ní 2017, gba obìnrin 20,060 ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kó èèyàn jọ jù. Olóògbé Bùkọ́lá Fáwọlé ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà níbí. Tí wọ́n bá fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lóògùn yìí láàárín wákàtí mẹ́ta ìbí, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dídà ń pa máa ń dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ó di 6:30 kí ojú egbò tó gbẹ. Páìǹtì kẹta ti fẹ́ parí.

7:40 alẹ́

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. "Ẹ kú ewu ọmọ" ń lọ, "Ewu iná kì í pa àwòdì" ń bọ̀. Ẹnì kan ti ra mínírà. Màmá ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan.

Nínú wọ́ọ̀dù, wọ́n gún abẹ́rẹ́ ìdí òsì. Wọn ò ní dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di 5:21 ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, wákàtí 24 lẹ́yìn ìbí. Ibi ọmọ ti jáde, ṣùgbọ́n ohun tó ti tú sínú ẹ̀jẹ̀ kò tíì jáde tán. Gìrì lè mú ìyá lẹ́yìn ìbí. BP sì tún lè gòkè láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti wà nílé, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná wẹ ìyá ìkókó.

11:40 alẹ́

Platelet rẹ̀ di 46,000. Ó ti wálẹ̀ sí i. Dókítà kékeré náà kò fòyà, torí ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn ìbí ló sábà máa ń dé ìsàlẹ̀ pátápátá kó tó máa gòkè. Túùbù ẹ̀jẹ̀ tó tún dì mú sínú ìkúùkù ní alẹ́ yìí dì ní ìṣẹ́jú kẹfà, ó sì dúró.

Ìgbà yìí ni wọ́n wá yíjú sí ẹsẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ láti ọ̀sán ni wọ́n wá ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dì jù. Ó ti dùbúlẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, fibrinogen tí ara fi pamọ́ á tún máa pọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí sì ni ewu ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Tí èyí tó dì bá já, á gba ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Wọn ò lè fún un ní heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nísinsìnyí, àfi tí platelet bá gòkè tí egbò sì gbẹ dáadáa. Nọ́ọ̀sì ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ká orúnkún rẹ̀ sókè sódò. Ó ní kí wọ́n gbé e jókòó láàárọ̀, kó rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Serena Williams bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa iṣẹ́ abẹ ní 1 September 2017. Nígbà tí kò lè mí délẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ àyẹ̀wò CT àti heparin, torí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú ẹ̀dọ̀fóró òun rí. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń dà á láàmú. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà tán, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ìwé ìròyìn Vogue. Télọ̀ wa kò mọ orúkọ heparin. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ bá a bẹ̀rù.

3:40 ìdájí

BP 148/94. Ó ti lajú, ó ń sọ̀rọ̀. Orúnkún ta, èémí pé, ìtọ̀ ti ń mọ́. Wọ́n gún un.

Kò rántí nǹkan kan. Ohun tó mọ gbẹ̀yìn ni pé ojú abẹ́rẹ́ di méjì. Kò mọ̀ pé òun ṣubú, kò mọ̀ nípa Micra, kò mọ̀ pé wọ́n la inú òun. Wọ́n fi fọ́tò ọmọ hàn án lórí fóònù, ó wò ó pẹ́.

Dókítà kékeré jókòó, ó ń kọ ìwé tí wọ́n máa fún un lọ sílé. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n máa wọn BP rẹ̀ nílé ìtọ́jú tó sún mọ́ wọn, kí wọ́n má sì dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó kọ ọ́ pé tó bá tún lóyún, kó tètè fara hàn, kí wọ́n fún un ní asipírìn ìwọ̀n kékeré kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20, ó sàn tó bá jẹ́ láti ọ̀sẹ̀ 12, àti calcium. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru lè padà wá bá a tó bá dàgbà, bí oyún tilẹ̀ ti tán. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ gbólóhùn yẹn.

Màmá, tí kò tíì sùn, ní ìbéèrè. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Oògùn tí ẹ ń gún fún un yìí, ṣé kò ní bá omi ọyàn lọ sára ọmọ?"

"Kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan, mà. Ẹ bá mi mú ife yẹn wá. Ẹ jẹ́ ká fún ìwọ̀nba tó bá jáde, kí n gbé e lọ fún un kí wọ́n tó pààrọ̀ iṣẹ́."